Kí ẹ tó tẹ cleaning, ẹ wo ibi tí ìlà náà dojú kọ

Ọjọ́bọ̀ ló máa ń le jù fún àwọn tó ń tẹ bánà ní Àkúrẹ́. Àìsùn òkú wà lálẹ́, ìsìnkú di ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ olóòkú sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà yẹn gan-an ni púríńtà máa fa ìlà funfun tín-ín-rín gba iwájú orí màmá kọjá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ á tẹ cleaning, èyí tó ń fa íńkì gba ihò ẹ̀rọ kọjá láti fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un tẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀kẹfà. Íńkì olówó ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì ìdọ̀tí, ìlà náà ò sì mira.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìlà náà dojú kọ. Bó bá lọ ní ìbú, ní ọ̀nà tí hẹ́ẹ̀dì (orí ẹ̀rọ tó ń tú íńkì jáde) ń gbà lọ tó ń gbà bọ̀, ọ̀rọ̀ ihò hẹ́ẹ̀dì tàbí ọ̀rọ̀ step (bí ẹ̀rọ ṣe ń sún bánà síwájú lẹ́ẹ̀kan) ni. Bó bá lọ ní òòró, bí flex (ọ̀rá tí a ń tẹ bánà sí) ṣe ń jáde, ẹ gbàgbé cleaning: encoder strip (ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí hẹ́ẹ̀dì mọ ibi tó wà) ni, tàbí flex tó ká kò níbi heater (irin tó ń mú flex gbóná).

Lẹ́yìn náà ni nozzle check, ìlà ìdánwò tó ń fi ihò tí íńkì ò ti jáde hàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí SAV (sítíkà) funfun tó mọ́, kì í ṣe sórí àjákù flex tó rún, kí ẹ sì tẹ méjì tẹ̀léra. Hẹ́ẹ̀dì DX5 ní ẹsẹ̀ ihò 8, ihò 180 lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ 1,440. Ẹsẹ̀ 6 ni hẹ́ẹ̀dì XP600 ní. Íńkì Yellow ló máa ń tan èèyàn jẹ, torí kì í hàn dáadáa lórí funfun. Ẹ fi nílọ́ọ̀nù búlúù bo iná fóònù yín, kí ẹ tàn án sí i: Yellow á dúdú, ẹ óò sì rí gbogbo ibi tó já.

Ẹ wá gbé nozzle check méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ibi tó já bá wà lójú kan náà nínú méjèèjì, ihò ti dí. Bó bá ń sún kiri, ihò ò dí rárá, íńkì ni kò dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ: damper (àpò kékeré tó ń sẹ́ íńkì kó tó dé hẹ́ẹ̀dì) ti dọ̀tí, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rọ́bà íńkì, tàbí íńkì ti fẹ́ tán nínú ìgò. Cleaning lè tún fa afẹ́fẹ́ sí i níbi báyìí. Bí nozzle check bá pé, àmọ́ tí dúdú tó kún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá lẹ́yìn ìdajì mítà, damper náà ni. Bí ìlà ò bá já àmọ́ tó wọ́, fọ́nrán òwú tàbí irun kan ti lẹ̀ mọ́ ìdí hẹ́ẹ̀dì, tàbí kí wiper (rọ́bà tó ń nu hẹ́ẹ̀dì) máa fi ìdọ̀tí kun hẹ́ẹ̀dì dípò kó nù ún. Bí odidi àwọ̀ kan bá ṣàdéédé pòórá, ẹ yẹ cap (ọmọrí rọ́bà tí hẹ́ẹ̀dì ń sinmi lé) àti wáyà pẹlẹbẹ hẹ́ẹ̀dì wò kí ẹ tó sọ pé hẹ́ẹ̀dì kú. Ẹ pa iná ẹ̀rọ pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà yẹn. Ẹ̀kán íńkì kan ṣoṣo tó bá kán sí etí rẹ̀ nígbà tí iná wà lórí rẹ̀ tó láti jó bọ́ọ̀dù.

Lójú tèmi, capping station, ibi tí cap yẹn wà, ló ń fa ìdajì wàhálà tí wọ́n ń kà sí hẹ́ẹ̀dì lọ́rùn. Ẹ wo etí rọ́bà rẹ̀ dáadáa: íńkì tó gbẹ máa ń gan yí i ká bí èépá ọgbẹ́. Bí rọ́bà yẹn ò bá lẹ̀ mọ́ hẹ́ẹ̀dì típẹ́típẹ́, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò máa fà, ilẹ̀ á sì mọ́ bá hẹ́ẹ̀dì tó ti gbẹ. Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé: ẹ gbé hẹ́ẹ̀dì kúrò, ẹ fi síríńjì kán omi cleaning solution sínú cap títí yóò fi kún dé etí. Bí omi yẹn bá ń fà lọ láìjẹ́ pé pọ́ǹpù ṣiṣẹ́, ó ń jò. Tí pọ́ǹpù bá ṣiṣẹ́ tí omi ò lọ, rọ́bà ìsàlẹ̀ tí omi ń gbà lọ ti dí tàbí ó ti sán. Owó cap kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó hẹ́ẹ̀dì.

Bó bá jẹ́ pé ihò ló dí lóòótọ́, cleaning ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi cleaning solution kún cap, ẹ dá hẹ́ẹ̀dì padà sórí rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, kí ẹ tó tún nozzle check tẹ̀. Omi tó bá íńkì yín mu ni kí ẹ lò. Omi lásán tó bá kan íńkì eco-solvent (irú tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bánà ń lò) á mú un dì. Pẹtiróòlù àti acetone ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Ẹni tó bá sì ń fi síríńjì ti omi wọ hẹ́ẹ̀dì tipátipá ń wá bí yóò ṣe bẹ́ awọ inú rẹ̀.

Tí nozzle check bá pé, tí ìlà ìbú sì wà síbẹ̀, ẹ mú rúlà. Ẹsẹ̀ ihò kan lórí DX5 gùn tó ínǹṣì kan, mílímítà 25.4. Ní 4 pass, ìyẹn bí hẹ́ẹ̀dì bá gba ojú kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin, nǹkan bíi mílímítà 6.35 ni flex ń rìn lẹ́ẹ̀kan. Ní 6 pass, 4.23, ní 8 pass, 3.18. Bí àlàfo ìlà sí ìlà bá bá iye yìí mu, step ni. Ìlà funfun ń sọ pé flex ń rìn jù. Ìlà dúdú, pé kò rìn tó. Ẹ tún step ṣe lẹ́yìn tí heater ti gbóná, kí ẹ sì tún un ṣe nígbàkígbà tí ẹ bá kúrò lórí flex bọ́ sórí SAV, torí nínípọn wọn ò dọ́gba, ìwúwo róòlù náà ò sì dọ́gba.

Ní ti ìlà òòró, ẹ fi isopropyl alcohol díẹ̀ nu encoder strip lọ́ra, pẹ̀lú aṣọ tí kì í ju fọ́nrán. Omi tí ẹ fi ń fọ hẹ́ẹ̀dì lè pa àwọn ìlà kéékèèké orí rẹ̀ rẹ́. Bí lẹ́tà bá ní òjìji, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní unidirectional, kí hẹ́ẹ̀dì máa tẹ̀ ní àlọ nìkan. Bí òjìji náà bá lọ, bidirectional (títẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀) ló nílò àtúnṣe. Ẹ wo gíga hẹ́ẹ̀dì náà: mílímítà 2 sí 3 tó fún flex.

Nígbà ọyẹ́, flex á máa ta ni lọ́wọ́ bí aṣọ ọ̀rá, íńkì á sì fọ́n bí eruku sí etí lẹ́tà. Ẹ gbé abọ́ omi fífẹ̀ sínú yàrá, kí ẹ sì rí i pé ara ẹ̀rọ náà ní ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀) tó wọlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ kẹta pọ́lọ́ọ̀gì kò kan ibì kankan nínú ògiri.

Àwọ̀ ara náà lè tú àṣírí. Bí ojú màmá bá pọ́n jù, Cyan (íńkì búlúù) ń já. Bó bá fẹ́ dà bí ewé, Magenta (íńkì pupa bíi pinki) ni. Bó bá ń lọ sí elése àlùkò, Yellow ni. Bí gbogbo ihò bá pé, profile (fáìlì tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe máa po àwọ̀) ló kù, ní pàtàkì bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí íńkì padà. Fọ́tò tó bá sì ti orí WhatsApp wá, WhatsApp ti fún un pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document kí ẹ tó dá púríńtà lẹ́bi.

Bí iná bá lọ nígbà tí hẹ́ẹ̀dì wà láàárín ọ̀nà, ìdí rẹ̀ ń gbẹ nìyẹn. UPS kékeré tó lè gbé ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti dá a padà sórí cap. Ẹ má so heater mọ́ ọn o. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní wáyà heater lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná ń lọ. Ìyẹn lè wà lórí jẹnẹrétọ̀.