Ẹ Jókòó Ṣàdéhùn Kí Orin Yín Tó Dé Orí Blockchain

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ orin fún ọ̀kẹ́sítírà, tẹ́ ẹ wá ń ronú àtità á gẹ́gẹ́ bíi NFT (àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tó ń sọ ẹni tó ni ẹ̀dà kan), iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀ kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Àárín ẹ̀yin àtàwọn tó bá yín lù ú ló wà. Ohun tí mo kọ́ nìyẹn nígbà tí èmi àtàwọn èèyàn mi gbé orin kan jáde ní Òṣogbo: fáólìn, sẹ́lò, fèrè àti dùndún.

Ẹni tó ra NFT kò tíì ra ẹ̀tọ́ orin. Àkọsílẹ̀ kan ló rà lórí blockchain, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, tó fi hàn pé òun ló ni ẹ̀dà yìí. Ẹ̀tọ́ àdàkọ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, àyàfi tó bá fọwọ́ síwèé pé òun gbé e sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ ọ̀hún kì í sì í ṣe ẹyọ kan: ti ẹni tó kọ orin wà lọ́tọ̀, ti ẹni tó gba ohùn sílẹ̀ wà lọ́tọ̀, Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ilẹ̀ wa ti 2022 sì fún àwọn òṣèré, títí kan àwọn tó lu orin, ní tiwọn. Nítorí náà, bí ogún èèyàn bá lu orin yín, ẹ má ṣe tà á bí ẹni pé ẹ̀yin nìkan lẹ lù ú.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òkè-Fìà la ti ń ṣe ìgbáradì. Lọ́jọ́ kan, òjò ti mú kí awọ ìlù rọ̀. Bàbá onílù wa gbé ìyáàlù sún mọ́ iná èédú, wọ́n ń yí i, wọ́n ń fi ọ̀pá kàn án díẹ̀díẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi mọ́, àwọn onífáólìn sì dúró dè wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi mí pé: “Ọmọ mi, tí ẹ bá tà á fún òyìnbó kan, tí òyìnbó náà tún tà á fún ẹlòmíì, kí ni yóò kàn mí níbẹ̀?” Mo ní: “Bàbá, ti àkọ́kọ́ ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín. Ti ìgbà tí wọ́n bá tún un tà kò dá mi lójú.” Wọ́n ní: “Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an la sì kọ ọ́, nítorí òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ló gbà gbọ́ pé smart contract (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lórí blockchain) máa ń fipá gba ìpín olórin nígbàkígbà tí wọ́n bá tún NFT tà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà ERC-2981, tí wọ́n ń lò fún irú ìpín yìí, kàn ń sọ iye tó yẹ kí wọ́n san ni. Ọjà tí wọ́n ti ń tà á ló máa pinnu bóyá yóò gbà á. Lọ́dún 2023, OpenSea, ọ̀kan lára àwọn ọjà NFT, sọ sísan rẹ̀ di ọ̀ràn ìfẹ́ inú. Ẹ fi iye tó tó yín sí títà àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ má fi ìrètí ọjọ́ iwájú san owó onílù.

Èdè Yorùbá la fi kọ àdéhùn náà. A kà á sókè, ẹni tí kò mọ̀wé tẹ̀ka. Bàbá tún sọ pé ibi táwọn ti fi ìlù ki ìdílé àwọn kò gbọdọ̀ wọ inú èyí tá a máa tà. A yọ ọ́. Mo sì rò pé ẹ̀tọ́ wọn ni: oríkì ìdílé kì í ṣe ohun tí mo lè gbé fún àjèjì, ẹni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń kì.

Ti fáìlì ńkọ́? Orin kì í sábà sí lórí blockchain fúnra rẹ̀, ó ti wúwo jù. Àdírẹ́sì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, fáìlì á sì wà níbòmíì, bíi IPFS, níbi tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ti jọ ń tọ́jú fáìlì. Inú fáìlì náà ni àdírẹ́sì IPFS ti ń jáde, nítorí náà bí ẹ bá gé ìṣẹ́jú àáyá kan kúrò níparí orin, àdírẹ́sì ti yí padà nìyẹn. Ẹ parí gbogbo àtúnṣe kẹ́ ẹ tó mint, ìyẹn kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di NFT. Bí kò bá sì sẹ́ni tó ń tọ́jú fáìlì ọ̀hún níbẹ̀, ó lè pòórá. A ń sanwó fún ìtọ́jú rẹ̀, fáìlì ohùn kíkún rẹ̀ (WAV) sì wà nínú háàdì dísìkì nílé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Wallet wa (àpamọ́wọ́ orí kọ̀ǹpútà) ń béèrè ìbuwọ́lùwé ju ti ẹnì kan lọ kí owó tó jáde. Ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tó ń ṣí wallet, orí ìwé ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ má ṣe fi fóònù ya á rárá.

Ó ku owó. Lóṣù Kejì 2021, Báńkì Àpapọ̀ ní káwọn báńkì má ṣe bá owó crypto (owó orí kọ̀ǹpútà) da nǹkan pọ̀. Oṣù Kejìlá 2023 ni wọ́n tó dẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìlànà tuntun. Ether, ọ̀kan lára owó crypto tí wọ́n fi ń ra NFT, sì lè já wálẹ̀ lóru kan ṣoṣo. Ohun tó wà nínú àdéhùn wa ni pé ọjọ́ tá a bá tà á la ó ṣẹ́ ẹ sí náírà, iye tó bá jẹ́ lọ́jọ́ náà la ó pín, kálukú á sì rí rìsíìtì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú tirẹ̀ ní ether, ó gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dọjọ́ títà.