Ọta tí mo fi ń dẹ tólótóló ní California

Ọdẹ ni bàámi l'Ókè-Ògùn, ṣakabùlà ni wọ́n ń yìn, òjé inú bátìrì mọ́tò tó ti kú ni wọ́n sì máa ń yọ́ fi rọ ọta, èmi ni mo máa ń ṣa wóró ẹ̀ sínú agolo tí mo bá ti tiléèwé dé, kò sẹ́ni tó ní kí n lọ fọwọ́.

Torí náà ìgbà tí mo gba láísẹ́ǹsì ọdẹ n'ílùú yìí, kátíríìjì olójé ni mo lọ rà. Bàbá òyìnbó kan tá a jọ fẹ́ wọgbó lọ dẹ tólótóló ìgbẹ́ lápá Pinnacles ló wo páálí ẹ̀, ó ní kí n dá a padà sínú mọ́tò kíá, pé láti July 1, 2019, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ fi òjé pa ẹran ìgbẹ́ mọ́ ní gbogbo California, kódà lórí ilẹ̀ ara ẹni. Mo ní kí ló dé? Ó ní condor ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, igún ni condor o! Igún ràbàtà tó jẹ́ pé tó bá na ìyẹ́ ẹ̀, ó ju ẹsẹ̀ bàtà 9 lọ. Lọ́dún 1982, 22 péré ló kù láyé. Tọ́dẹ bá tú ẹran tó fi ìfun ẹ̀ sílẹ̀ nígbó, igún á wá jẹ ẹ́, òjé tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀ á wọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, oúnjẹ ò ní dà nínú ẹ̀ mọ́, ebi á wá pa á kú. Nílé wa a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, wọ́n tún ní igún kì í kú léwe. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Mo tún rántí Zamfara lọ́dún 2010, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí òjé pa níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, èmi náà sì lọ́mọ tó ń jẹ ẹran tí mo bá pa.

Kí wá ni ká rà? Ọta irin lowó ẹ̀ mọ níwọ̀n, àmọ́ ó fúyẹ́, kì í pẹ́ tagbára ẹ̀ fi ń tán lójú ọ̀nà, ó sì le jù fún ìbọn àtijọ́, ó lè ba ẹnu ẹ̀ jẹ́. Ọta tungsten, mẹ́táàlì kan, tí wọ́n ń pè ní TSS wúwo ju òjé fúnra ẹ̀ lọ dáadáa, wóró No. 9 tó kéré bíńtín á ṣiṣẹ́ ẹ̀ ní 40 yáàdì, àmọ́ kátíríìjì kan ṣoṣo lè ju dọ́là 10 lọ. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́ ni tèmi, torí náà ọta bismuth No. 5 ni mo mú, mẹ́táàlì mìíràn lòun náà, ó rọ̀, kò ní ha ìbọn lẹ́nu, ó wúwo ju irin lọ bó tiẹ̀ ò tó òjé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yìn ín sí bébà ná! Mo fa róbótó 10 ínṣì sí i, ní 40 yáàdì àlàfo tó wà láàárín ihò ọta pọ̀ débi tí ọrùn tólótóló á fi gba ibẹ̀ kọjá, ní 30 ó kún dẹ́dẹ́. Orí àti ọrùn la sì ń yìn, ẹ ò ní fẹ́ kó gbọgbẹ́ sá lọ kó lọ máa jẹ̀rora kú. Mi ò yìn ju 30 lọ látìgbà náà.

Lápríìlì tó kọjá, akọ kan tí irùngbọ̀n ẹ̀ ń wọ́ láyà tẹ̀ lé ohùn abo tí mo ń pè títí ó fi dé 25 yáàdì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo yìn ín. Mo tú u síbẹ̀, mo fi ìfun ẹ̀ sílẹ̀ lórí àpáta. Kí n tó dédìí mọ́tò, igún méjì ti ń rá bàbà lókè.