Àwọn Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Ni Mo Ń Wò

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Keje, 2024

Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia, tún ti gbé e lọ lónìí nínú Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn ní ìpele-ìpele, ìpele kan lọ́jọ́ kan. Embrun ni wọ́n ti gbéra, Isola 2000 ni wọ́n parí sí, kìlómítà 144.6, òkè lórí òkè. Jorgenson, ọmọ Amẹ́ríkà, ti wà níwájú tipẹ́, mo tiẹ̀ ti ń bá a yọ̀, àfi bí Pogačar, aláṣọ yẹ́lò tó ń ṣíwájú gbogbo ìdíje náà, ṣe yọ sí i lẹ́yìn nígbà tí ọ̀nà kò ju nǹkan bíi kìlómítà méjì lọ mọ́. Ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé bá mi nídìí fóònù. Wọ́n ní, "Ṣebí ẹnì kan ti gba ipò kìíní, kí lo tún ń wò?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Biniam ò tíì dé."

Biniam Girmay, ọmọ Asmara ní Eritrea. Lọ́jọ́ kìíní oṣù yìí ló gba ìpele kẹta ní Turin, òun sì ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba ìpele kan nínú Tour de France, ìdíje tó ti wà láti 1903. Ó tún gba ìkẹjọ, ó tún gba ìkejìlá. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, ti ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù, ti wà lọ́rùn rẹ̀. Àmọ́ ó ṣubú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ Nîmes, àyà mi sì já.

Àwọn tó mọ eré ìparí sá, bíi Biniam, ilẹ̀ títẹ́jú ni tiwọn. Òkè ni ọ̀tá wọn. Àwọn tó ṣètò ìdíje á wo wákàtí tí ẹni àkọ́kọ́ lò, wọ́n á fi díẹ̀ lé e bí ìpele náà bá ṣe le tó. Ẹni tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ló ń lọ, tòun ti ẹ̀wù, tòun ti máàkì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kóra jọ sẹ́yìn, tí àwọn tó ń bára wọn dù ú lánàá á jọ máa ṣírò ìṣẹ́jú. Lónìí, Cime de la Bonette wà lójú ọ̀nà wọn, 2802 mítà. Ẹ to òkè Ìdànrè lé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò tíì débẹ̀.

Ìpele kìíní ni mi ò lè gbàgbé, láti Florence lọ sí Rimini. Ooru mú gan-an. Mark Cavendish, ọmọ Britain tí òun náà mọ eré ìparí sá, ń bì lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn ọmọ ikọ̀ rẹ̀ yí i ká, wọ́n ń da omi sí i lórí, wọ́n ń rọra gùn kó má baà dá wà. Bẹ́ẹ̀ wọ́n lágbára láti lọ o! Wọ́n mú un dé lásìkò. Kò pẹ́ kò jìnnà, ní Saint-Vulbas, ọkùnrin yìí kan náà gba ìpele tó sọ iye tó ti gbà nínú Tour di 35, ó fi ọ̀kan ju ti Eddy Merckx, ọmọ Belgium ayé àtijọ́, lọ. Gbogbo ayé ń pariwo Cavendish. Èmi ń wá ojú àwọn tó ń da omi.

Girmay dé. Cavendish náà dé. Lọ́la, láti Nice lọ sí Col de la Couillole, òkè mẹ́rin. Lọ́jọ́ Àìkú, kálukú á dá gùn láti Monaco wá sí Nice, torí Paris ń palẹ̀ mọ́ fún Òlíńpíìkì, kò ráyè Tour lọ́dún yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá wọ́n ń sanwó fún àwọn tó ń da omi. Mo ní wọ́n ń gba owó oṣù, ẹni tó bá sì borí máa ń pín owó ẹ̀bùn rẹ̀ fún ikọ̀. Wọ́n ní kí n pe àwọn bó bá di ọ̀la.