Ta ló ń wọn ohun tí àṣà ń ṣe lókè òkun?

Ẹ̀ka ìwádìí kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Iṣẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n máa wo nǹkan tí ìjọba ń fi èdè, orin, eré, àwòrán àti ẹ̀kọ́ ìlú wọn ṣe lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú míì, pé ṣé owó tí wọ́n ń ná sí i ń so èso ni àbí ó kàn ń wọlẹ̀ lásán. Mo fẹ́ràn àti máa ka ripọ́ọ̀tù wọn, àmọ́ bí mo ṣe ń kà á lọ ni nǹkan kan ń kọ mí lóminú: àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ wọn wò yẹn gan-an ló sábà máa ń sanwó ìwádìí ọ̀hún. Kò kúkú sẹ́ni tó máa bẹnu àtẹ́ lu ọjà ara ẹ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ wo là ń sọ? Àwọn ará Faransé ti ní Alliance Française láti 1883, British Council dé ní 1934, Goethe-Institut ti Jámánì ní 1951, lẹ́yìn náà Japan Foundation, Instituto Cervantes ti Sípéènì, Confucius Institute ti Ṣáínà ní 2004, wọ́n ṣáà pọ̀. Iṣẹ́ wọn jọra, wọ́n ń kọ́ni lédè, wọ́n ń ṣètò eré àti àfihàn, ẹnu wọn sì ti kún fún "soft power" láti ìgbà tí Joseph Nye, ọ̀jọ̀gbọ́n Harvard, ti gbé e jáde ní 1990, ìyẹn ni pé kí ìlú kan wu àwọn èèyàn débi tí wọ́n á fi máa ṣe ohun tó ń fẹ́ láìjẹ́ pé ó fìbọn halẹ̀ mọ́ wọn tàbí kó fowó rà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú ìwádìí yẹn. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Edinburgh ṣe iṣẹ́ kan fún British Council, wọ́n ní bí iye orílẹ̀-èdè tí iléeṣẹ́ àṣà ìlú kan ti ń ṣiṣẹ́ bá fi 1% lé sí i, owó tí àwọn oníṣòwò òkèèrè ń kó wọ ìlú yẹn á fi nǹkan bíi 0.66% lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti òkèèrè wá náà á fi 0.73% lé. Irú nọ́ńbà báyìí dùn ún gbé lọ síwájú mínísítà ètò ìnáwó! Mi ò ní irọ́ ni o, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Àmọ́ irú ìlú wo ló lówó àtiṣí ọ́fíìsì kiri ayé? Ìlú tó ti lọ́rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, tí yunifásítì ẹ̀ ti lórúkọ, tí ọkàn àwọn oníṣòwò ti balẹ̀ síbẹ̀ kí ọ́fíìsì àṣà kankan tó dé. Èwo ló wá fa èwo? Wọ́n máa ń fi ìṣirò yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ìṣirò ò lè yọ ọ́ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó máa ń lọ bi akẹ́kọ̀ọ́ pé ṣé wọ́n fẹ́ràn ìlú tí wọ́n ń kọ́ èdè ẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn Jámánì, kí ló fẹ́ wá ṣe ní kíláàsì Goethe, tó tún sanwó, tó wá ń bá der, die, das, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ Jámánì, wọ̀yá ìjà?

Ibi tọ́rọ̀ ti dùn fún èmi kì í ṣe inú nọ́ńbà, inú ìtàn ni. Ẹ wo Jámánì. Kí Goethe-Institut tó wà, Deutsche Akademie ló ń kọ́ àwọn àjèjì lédè Jámánì, àwọn Násì sì fi ṣe irinṣẹ́ ìpolongo, nígbà tógun parí ní 1945 àwọn Amẹ́ríkà tú u ká. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fẹ́ kí iṣẹ́ àṣà wà lọ́wọ́ mínísítírì tààrà mọ́, ìjọba ń fúnni lówó, wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀wé ní 1976, ṣùgbọ́n Goethe ló ń pinnu ohun tó máa gbé síta. Ní 1970 mínísítírì ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn tún kọ ìlànà kan, Ralf Dahrendorf, onímọ̀ nípa àwùjọ, kópa ńlá nínú ẹ̀, tó ní kí wọ́n yéé fi àṣà tiwọn ṣe fáàrí nìkan, pé ìlú tó ń fi àṣà ẹ̀ hàn gbọ́dọ̀ gba tẹlòmíì náà. Lójú tèmi, ìlànà yẹn gbọ́n ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ lóde òní lọ.

Amẹ́ríkà náà rí tiẹ̀. Láti 1956 ni wọ́n ti ń rán àwọn olórin jazz káàkiri ayé, Dizzy Gillespie ló kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n lè fi han ayé pé ìlú òmìnira làwọn. Ní 1957 wọ́n fẹ́ kí Louis Armstrong, olórin jazz tóun náà jẹ́ adúláwọ̀, lọ sí Sófíẹ̀tì, àfi bí gómìnà Arkansas ṣe kó ṣọ́jà síta kí àwọn ọmọ adúláwọ̀ mẹ́sàn-án má bàa wọ sẹ́kọ́ńdìrì àwọn aláwọ̀ funfun kan ní Little Rock, inú bí Armstrong, ó lóun ò lọ mọ́. Ẹ ò rí nǹkan? Kíkọ̀ tó kọ̀ yẹn gan-an ló fi òmìnira hàn ju gbogbo ìrìn àjò tí ìjọba sanwó ẹ̀ lọ. Ní ìdàkejì, Congress for Cultural Freedom, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti onímọ̀ tí ò fẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Berlin ní 1950 ṣe ìwé ìròyìn àti àpérò tó dáa gan-an, nígbà tó wá hàn gbangba ní 1967 pé owó CIA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, ló wà nídìí ẹ̀, iṣẹ́ dáadáa ọ̀hún ò gbà wọ́n sílẹ̀.

Bọ́wọ́ ìjọba ṣe lè ba iṣẹ́ àṣà jẹ́, Confucius Institute tún fi hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú yunifásítì ni wọ́n ń gbé e sí, ó sì wọ́pọ̀ fún ìgbà kan, Amẹ́ríkà nìkan ní nǹkan bí 100 ní 2019, nígbà tó fi máa di 2023 kò tó márùn-ún mọ́. Swídìn, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ní Yúróòpù, ti ti gbogbo tiẹ̀ pa ní 2020. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò fẹ́ kọ́ èdè Ṣáínà mọ́ o, ọwọ́ ìjọba tó hàn jù ni. Wàhálà ibẹ̀ sì ni pé ìjọba tó ń sanwó máa ń fẹ́ kọ́wọ́ òun hàn, wọ́n fẹ́ kí àsíá wà lára ògiri, kí aṣojú ìlú wọn ya fọ́tò.

Ohun tí mo wá ń wò ni pé àwọn olùwádìí yìí máa ń wo ibi tí wọ́n ṣílẹ̀kùn sí, ibi tí wọ́n ti tì í pa ni ká wò. Ní 2023 Goethe-Institut kéde pé àwọn máa ti mẹ́sàn-án pa lára àwọn ọ́fíìsì wọn, Turin, Genoa, Bordeaux, Lille àti Washington wà níbẹ̀, kí wọ́n lè rówó lò níbòmíì. Ìyẹn gan-an ni ìdánwò tó dáa jù! Ẹ gbé Turin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Ítálì míì tí tiẹ̀ ṣì wà, ẹ ka iye àwọn tó ń kọ́ èdè Jámánì ní sẹ́kọ́ńdìrì, iye tó ń lọ yunifásítì ní Jámánì, àwọn tíátà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ máa kà á fún ọdún mẹ́wàá. Bí ohunkóhun ò bá yí padà, á jẹ́ pé ripọ́ọ̀tù tó dùn ún kà la ti ń kà látọjọ́ yìí. Bó bá sì yí padà, ẹ̀rí tó lágbára dé nìyẹn, tí kò nílò kẹ́nikẹ́ni máa bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tó fẹ́ràn. Bí ẹnì kan bá ti ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi lìǹkì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.