Ta ló máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́?

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, wọ́n ra ẹ̀rọ ńlá kan láti òkè òkun, ẹ̀rọ tó ń di ọjà sínú ọ̀rá tó sì ń lẹ orúkọ mọ́ ọn, ó gùn tó bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin mẹ́ta ló bá a wá láti kọ́ńpínì tó ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi tò ó, tá a bá sì ti fẹ́ sún mọ́ ọn wọ́n á ní ká jọ̀ọ́ ká má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n parí, ọ̀gá pe àwọn èèyàn, wọ́n gé ríbọ́nù, a ya fọ́tò, èmi gan-an wà nínú fọ́tò yẹn, mò ń rẹ́rìn-ín bíi pé èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ náà. Kò tíì pé oṣù méje tí iná pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ, ó ń béèrè pásíwọ̀dù, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wa. A pe àwọn tó tà á fún wa, wọ́n ní àwọn máa rán ẹnì kan wá, ká san owó ọkọ̀ òfurufú rẹ̀, ká san owó hòtẹ́ẹ̀lì, ká tún san owó iṣẹ́ rẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ọ̀gá wo ìwé owó yẹn títí, ó ká a, ó kì í bọ àpò. Bá a ṣe padà sí fífi ọwọ́ di ọjà nìyẹn o. Wọ́n fi tapólì bo ẹ̀rọ, nígbà tó yá orí rẹ̀ ni mo máa ń gbé báàgì mi lé láràárọ̀.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún ń dùn mí, ni pé nínú ìwé ìṣirò orílẹ̀-èdè, ẹ̀rọ yẹn wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdókòwò. Wọ́n kà á mọ́ ọn. Tí ìjọba bá jáde lọ́dún yẹn pé owó táwọn ilé iṣẹ́ fi ra ẹ̀rọ ti lọ sókè, abẹ́ báàgì mi ni díẹ̀ nínú owó yẹn wà.

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti gbọ́ pé tẹkinọ́lọ́jì ti ń wọ orílẹ̀-èdè kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, pé bílíọ̀nù dọ́là báyìí ti wọlé, pé kọ́ńpínì ńlá lágbàáyé ti fẹ́ wá kọ́lé síbẹ̀, ìbéèrè kan ló máa ń wá sí mi lẹ́nu: ta ló máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́? Mi ò sọ pé ẹ̀rọ ò dáa o. Owó àti ẹ̀rọ lè wọlé kí wọ́n jókòó sójú kan bí àlejò, ohun tó bá wọ orí àti ọwọ́ àwọn èèyàn ló ń bímọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Bangladesh, torí ìtàn yẹn ló là mí lójú. Lọ́dún 1979, kọ́ńpínì aránṣọ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Desh Garments wọ àdéhùn pẹ̀lú Daewoo ti Gúúsù Kòríà. Kì í kúkú ṣe pé àánú Bangladesh ṣe Daewoo. Láti ọdún 1974 ni àdéhùn kan ti wà tó jẹ́ kí Amẹ́ríkà àtàwọn ará Yúróòpù lè fi gbèdéke sí iye aṣọ tí àwọn orílẹ̀-èdè bíi Kòríà lè tà fún wọn, Bangladesh ní tiẹ̀ ò tíì sí lábẹ́ gbèdéke kankan nígbà yẹn, torí ta ló ka ẹni tí kì í ránṣọ tà kún aránṣọ? Daewoo ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, ó sì rí i síbẹ̀.

Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe rèé. Wọ́n kó òṣìṣẹ́ Desh bíi 130 lọ sí Kòríà, oṣù bíi mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ Daewoo níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ aránṣọ á mọ̀ pé rírán gan-an kọ́ ni wàhálà. Wàhálà ni bí wàá ṣe to maṣíìnì tẹ̀ léra tí ẹni tó ń rán kọ́là ò fi ní jókòó máa retí ẹni tó ń rán apá, bí wàá ṣe gé aṣọ ọ̀pọ̀ ìpele lẹ́ẹ̀kan náà tí àgékù ò fi ní pọ̀, bí ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ̀rún ṣe máa rí bákan náà láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, torí ẹni tó ń rà á lókè òkun ò ní bá ẹ fa ọ̀rọ̀, á kàn dá ẹrù ẹ padà ni. Kò sí bí o ṣe máa ra ìyẹn mọ́ maṣíìnì nínú páálí. Ẹni tó ti ń ṣe é ni wàá dúró tì.

Nígbà tí wọ́n padà dé, kí ló ṣẹlẹ̀? Wọ́n sá lọ! Nínú 130 yẹn, 115 ló fi Desh sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn kan dá tiwọn sílẹ̀, àwọn kan lọ bá àwọn olówó tó fẹ́ dá sílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ fojú inú wo bí inú ẹni tó ni Desh á ṣe rí. Lónìí ṣá, aṣọ rírán ló ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí Bangladesh ń tà sókè òkun, àwọn tó ń ṣe é sì tó mílíọ̀nù mẹ́rin, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn ju maṣíìnì lọ, ìwé lásán ni. Aránṣọ tí ò lówó láti ra ìgàn aṣọ, ó gba lẹ́tà báǹkì, tó ń ṣèlérí pé owó á wọlé, lọ́wọ́ oníbàárà òkè òkun tó fẹ́ ra ṣẹ́ẹ̀tì, ó mú lẹ́tà yẹn lọ sí báǹkì tiẹ̀, báǹkì tiẹ̀ wá fi ìyẹn dúró fún un lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ìgàn, ìgàn á wọlé láìsan owó ibodè níwọ̀n ìgbà tó bá ti jẹ́ pé ṣẹ́ẹ̀tì ló máa padà jáde. Ẹni tí ò ní kọ́bọ̀ lè di ẹni tó ń kó ọjà ránṣẹ́. Èmi ń ka ìyẹn náà sí tẹkinọ́lọ́jì o, bí ò tiẹ̀ ní wáyà lára.

Mi ò ní fi òdodo pa mọ́ ṣá. Ní 2013, ilé alájà mẹ́jọ kan tí ilé iṣẹ́ aránṣọ kún inú rẹ̀, Rana Plaza, wó lulẹ̀ nítòsí Dhaka, èèyàn tó lé ní 1,100 ló kú. Wọ́n ti rí i tí ògiri ń sán lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n sì ní káwọn òṣìṣẹ́ wọlé. Ẹni tó bá ń ka GDP nìkan, ìyẹn àpapọ̀ iye ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún, ò ní rí wọn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn kan gbà pé tí ilé iṣẹ́ tó ń to fóònù bá ti wà lórílẹ̀-èdè yín, ẹ ti di ọlọ́rọ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ṣírò iPhone ti 2009 tí wọ́n ń tò ní Ṣáínà, wọ́n ní ohun tó ná wọn láti ṣe é tó dọ́là 179, wọ́n wá wo èyí tó kan títò tí wọ́n ń tò ó níbẹ̀ nínú owó yẹn, dọ́là 6.50 ni. Ìyókù jẹ́ tàwọn tó ṣe ojú rẹ̀ àti àwọn ohun inú rẹ̀ ní Jàpáánù, Kòríà, Jámánì, Amẹ́ríkà. Àmọ́ nínú ìwé kàráakátà, gbogbo dọ́là 179 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé Ṣáínà tà. Tí ẹ bá rí i níbì kan pé orílẹ̀-èdè kékeré kan ti ń ta ẹ̀rọ bílíọ̀nù báyìí sókè òkun, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé èló ni wọ́n fi ra ohun tí wọ́n tò pọ̀. Ká ṣòótọ́, Ṣáínà ò jókòó sórí dọ́là 6.50 yẹn, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ni, nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe fóònù tara wọn. Ẹlòmíì lè to nǹkan fún ogún ọdún kó má kọ́ ju bí wọ́n ṣe ń dè é ní ṣukúrúù lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹni tí ò ṣe fóònù ò lè jèrè fóònù o. Ibí ni mo ti máa ń bá àwọn tó fẹ́ fi owó ibodè gọbọi dí ẹnu ọ̀nà jà. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Robert Jensen, kọ nípa àwọn apẹja Kerala ní gúúsù Íńdíà lọ́dún 2007. Láàárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kìíní 1997, apẹja 11 dé ọjà etíkun kan tí wọ́n ń pè ní Badagara, ẹja sàdíìnì kún ọkọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó máa rà á, àwọn tó wá rajà ti rà tó. Dídà nù ló kù. Láàárín kìlómítà 15 síbẹ̀, láwọn ọjà etíkun míì, àwọn èèyàn 27 dúró tí wọ́n ń wá ẹja tí wọn ò rí. Ẹja ò sì ní sùúrù, yìnyín ò sí nínú ọkọ̀, epo tó máa gbé e lọ láti ọjà dé ọjà wọ́n. Òkun kan náà, ẹja kan náà, àwọn kan ń dà á nù, àwọn kan ń wá a.

Láàárín 1997 sí 2001 ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù alágbèéká wọ etíkun yẹn, ó sì tún ń dé ojú òkun. Àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọjà láti inú ọkọ̀: ẹ̀yin ń rà á ní èló, àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́? Kó tó di pé fóònù dé, ìdá 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ẹja tí wọ́n ń pa ni wọ́n ń dà nù, nígbà tó dé tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Èrè apẹja fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, owó tí àwọn tó ń jẹ ẹja ń rà á sì fi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jèrè! Kò sí ẹja kankan tó pọ̀ sí i nínú òkun, ọ̀rọ̀ tí wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Tí ìjọba ibẹ̀ bá ti sọ fóònù di nǹkan olówó nípasẹ̀ owó ibodè, Badagara á ṣì máa da ẹja nù. Torí ẹ̀ ni inú mi fi dùn sí àdéhùn tí wọ́n ṣe ní WTO, àjọ ìṣòwò àgbáyé, lọ́dún 1996, tí orílẹ̀-èdè tó wọ̀ ọ́ ò fi ní máa gba owó ibodè lórí kọ̀ǹpútà àtàwọn ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mọ́.

M-Pesa, ètò fífi fóònù fowó ránṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, náà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe nígbà tí wọ́n ń dán an wò ni pé káwọn tó yá owó kékeré lè máa fi fóònù san án padà, àwọn èèyàn ní àwọn ò bá ti gbèsè lọ, àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Ní 2007 tó jáde fún gbogbo èèyàn níbẹ̀, ìfowóránṣẹ́ yẹn ló di. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 ní ìdílé bíi 194,000 ló bọ́ lọ́wọ́ òṣì tó le nípasẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń lò ó ló fi ọgbọ́n tiwọn kún un.

Ó tún máa ń pẹ́, ẹ̀dùn ọkàn àwọn olóṣèlú nìyẹn. Iná mànàmáná tí Edison ń tà ní New York, 1882 ló bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ogójì ọdún ló gbà kí ilé iṣẹ́ tó rí èrè rẹ̀ dáadáa, torí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì olóoru, wọ́n fi mọ́tò ńlá kan sípò rẹ̀, gbogbo bẹ́líìtì àti ọ̀pá tó ń yí lókè àjà wà bó ṣe wà. Ìgbà tí maṣíìnì kọ̀ọ̀kan ní mọ́tò kékeré tiẹ̀, tí wọ́n lè tún inú ilé iṣẹ́ tò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ìgbà yẹn ló tó ṣiṣẹ́. Ẹ wo ọ́fíìsì tó ra kọ̀ǹpútà tán tí wọ́n ṣì ń tẹ ìwé jáde kí ọ̀gá mẹ́rin lè fọwọ́ sí i. Àwọn náà ti fi mọ́tò ńlá rọ́pò ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jẹ́ n padà sí ẹ̀rọ wa. Nígbà tó dákú, mo lọ bá ọ̀gá, mo ní ọ̀gá, ṣé ẹ ò lè rán ẹnì kan nínú wa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é kó lọ kọ́ ọ? Ó wò mí, ó ní, "Tí mo bá rán an lọ, ṣé o rò pé ó máa lo ọdún kan lọ́dọ̀ mi tó bá dé? Ibòmíì ló ti máa lọ fi owó mi jẹun." Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí mo ka ti Desh ni mo wá rí i pé ọ̀gá ò parọ́. 115 nínú 130! Ohun tó jẹ́ òfò fún ẹni tó rán wọn lọ, òun ni orílẹ̀-èdè fi là, àwọn tó sá lọ yẹn ló gbin ilé iṣẹ́ yíká. Èwo ni ká wá máa retí kí ọ̀gá kan ṣoṣo fi àpò rẹ̀ ṣe ìyẹn?

Síngápọ̀ rí ọgbọ́n kan dá sí i: láti 1979 ni wọ́n ti ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ lórí owó oṣù òṣìṣẹ́, inú owó yẹn ni wọ́n ti ń ná ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, tó ò bá kọ́ tìẹ, tẹlòmíì lò ń sanwó fún. Ní Penang, ní Màléṣíà, tí àwọn kọ́ńpínì ẹ̀rọ bíi Intel ti wà láti 1972, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1989, ìjọba ìpínlẹ̀ dá sí i, àwọn kọ́ńpínì fúnra wọn ló ń darí rẹ̀. Àwọn tó ń bá ara wọn du ọjà jọ ń kọ́ òṣìṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan. Tí tèmi bá sá wá sọ́dọ̀ rẹ lónìí, tìẹ lè sá wá bá mi lọ́la, àwa méjèèjì ṣáà rí ẹni tó mọṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sọ ti Penang yìí fún ọ̀gá mi àtijọ́ lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, òun gbọ́, àwọn mẹ́ta míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ tòun wà, ta ló máa kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tiẹ̀ sílẹ̀ káwọn òṣìṣẹ́ ẹlòmíì máa tú u wò? Mo ní kó fi eléyìí tó wà lábẹ́ tapólì bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun á rò ó.