Ọnàbánjọ àti ìlú Àgọ́-Ìwòyè

Àwọn ọmọ tí wọ́n ń ka ìwé ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ lónìí, tí ẹ bá bi wọ́n pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní, "Gómìnà àtijọ́ ni." Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ó máa ń dùn mí, torí pé ìrìn ọkùnrin náà jìn ju ibẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ìròyìn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1927 ni wọ́n bí i, ó lọ kọ́ṣẹ́ ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di gbajúmọ̀ pẹ̀lú orúkọ tó fi ń kọ̀wé, ìyẹn Ayékòótọ́. Ní 1964 ó wọ ilé aṣojú-ṣòfin ìjọba àpapọ̀. Kò pẹ́ lọ títí tí àwọn ṣójà fi gba ìjọba ní 1966. Ọ̀rọ̀ tó wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé nígbà tó di 1977, ọkùnrin tó ti jókòó ní Èkó pẹ̀lú àwọn aṣòfin Nàìjíríà padà wálé wá ṣe alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde. Mélòó nínú àwọn olóṣèlú wa ló lè gbà bẹ́ẹ̀ lónìí? Ibẹ̀ ló ti dé ipò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1979, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN (Unity Party of Nigeria) ti Awólọ́wọ̀, pẹ̀lú ìlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìwòsàn ọ̀fẹ́.

Ní oṣù Keje 1982 ni ìjọba rẹ̀ dá yunifásítì ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. OSU (Ogun State University) la ń pè é nígbà yẹn. Ọmọdé ni mí, ìyá mi sì ń ta ìkọ́kọrẹ́. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, ọjọ́ ọjà nìkan ló ń gbé e jáde. Nígbà tí wọ́n dé, ojoojúmọ́ ni. Èmi ni mo máa ń rin ewùrà láàárọ̀, ọwọ́ á máa yún mi, ìyá mi á ti gbé omi ata, epo àti ẹja gbígbẹ kaná. Á máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì kìlọ̀ pé, "Má rò ó o! Jẹ́ kó kọ́kọ́ dì." Àwọn ọmọ ìlú òkè tí wọn ò jẹ ẹ́ rí á dúró, wọ́n á máa wò ó tìyanu-tìyanu. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn náà á ti máa bèèrè ìsàlẹ̀ ìkòkò. Owó ìkòkò yẹn ló rán èmi àti ẹ̀gbọ́n mi níwèé. Àwọn aládùúgbò wa kan tún yàrá ilé wọn ṣe, wọ́n fi háyà.

Ẹnu wa ò kò lórí Ọnàbánjọ nínú ẹbí. Bàbá àgbà mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Ní 1981 ni ìjọba rẹ̀ dá Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, dúró. "Ọmọ Ìjẹ̀bú ló ṣe báyìí sí Kábíyèsí?" ni Bàbá máa ń wí, á sì dìde kúrò níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Èmi náà gbà pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìjà yẹn pín ilé, ó pín àdúgbò. Kábíyèsí padà sórí ìtẹ́, wọ́n sì lò ó pẹ́ títí wọ́n fi wàjà ní oṣù Keje 2025.

Ìjọba Ọnàbánjọ ò pé ọdún márùn-ún. Àwọn ológun dé ní ìparí 1983, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n fún ọdún bíi mélòó kan. Ó kú ní oṣù Kẹrin 1990. Ọdún 2001 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì náà, kò fojú rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn Ìjẹ̀bú, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ààfin síbẹ̀, ẹ kọ ti ẹ̀wọ̀n síbẹ̀, ẹ má fi ìkankan pamọ́. Ṣùgbọ́n Àgọ́-Ìwòyè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.