Ìbàdàn sí Houston: tiwa náà wà nínú lísìtì yẹn

Nígbà tí mo wà n'Ìbàdàn, tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ káńsù, tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá mi lọ́jà Bódìjà, àwọn tó ń dúró lẹ́nu gáréèjì tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ dírẹ́bà, àti ìwé ọmọ bíbí ìlú tí mo lọ gbà l'Ágodi nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, tí mo jókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ibi tí mo mọ káńsù mọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún mi nígbà yẹn pé káńsù lè jókòó kí wọ́n máa gbèrò bí ọ̀gá ò ṣe ní lé èèyàn kúrò níbi iṣẹ́ torí irú ẹni tó jẹ́, mi ò ní gbà á gbọ́.

Mo dé Houston lọ́dún 2006. Níbí, ìlú ní méyọ̀, ó ní káńsù tiẹ̀, City Hall ni wọ́n ti ń jókòó, ará ìlú lè forúkọ sílẹ̀ kó lọ dúró níwájú wọn kó sọ tẹnu ẹ̀. Lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, àwọn 11 nínú wọn dìbò bẹ́ẹ̀ ni, àwọn 6 ní rárá, òfin kan jáde tí gbogbo èèyàn ń pè ní HERO (Houston Equal Rights Ordinance). Annise Parker ni méyọ̀ nígbà náà, obìnrin ni, obìnrin bíi tiẹ̀ ló ń bá gbé, kò sì fi pamọ́ fẹ́nì kankan kí ìlú tó dìbò fún un. Nǹkan 15 ni òfin yẹn kà sílẹ̀ tí wọn ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ dẹ́yẹ sí èèyàn níbi iṣẹ́, nílé tó fẹ́ háyà, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ: àwọ̀ ara, ẹ̀yà, orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá, ẹ̀sìn, ọjọ́ orí, oyún, àìlera, iṣẹ́ sójà, bóyá èèyàn lọ́kọ tàbí kò lọ́kọ, àtàwọn mí ì. Inú lísìtì yẹn náà ni wọ́n ti dárúkọ àwọn géè, ìyẹn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àtàwọn trans, ìyẹn àwọn tí wọ́n bí lọ́kùnrin tó mọ ara ẹ̀ sí obìnrin tàbí tí wọ́n bí lóbìnrin tó mọ ara ẹ̀ sí ọkùnrin. Wọ́n yọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá rú u lè san tó 5,000 dọ́là.

Ẹ bá mi wo ọdún yẹn dáadáa o. Oṣù Kìíní ọdún 2014 kan náà ni Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tiwa ní Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó bá ṣègbéyàwó, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó bá ń fìfẹ́ irú ẹ̀ hàn ní gbangba. Kò ju oṣù mẹ́rin, márùn-ún lọ láàárín òfin méjèèjì. Ìlú tí mo ti wá àti ìlú tí mo ń gbé, lórí ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn pátápátá.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan n'Ìbàdàn tá a jọ ṣiṣẹ́ àkáǹtì níbì kan kí n tó kúrò nílé. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́, a kì í wá owó tì lọ́wọ́ ẹ̀, òun la máa ń fún ní kọ́kọ́rọ́ tí ọ̀gá ò bá sí nílé. Ẹnì kan lọ bá ọ̀gá pé ọkùnrin bíi tiẹ̀ ló ń fẹ́. Wọn ò bi í léèrè, wọn ò rí i kó ṣe nǹkankan, ọjọ́ Friday kan ni wọ́n kàn ní kó kó ẹrù ẹ̀, owó oṣù tó kù lọ́wọ́ wọn wọn ò san án. Níbo ló fẹ́ mú u lọ? Káńsù ò lágbára lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ìwé òfin ọdún 1999 gbé e lé lọ́wọ́, ti káńsù ni ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú, ká forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Apá 42 nínú ìwé òfin yẹn ní kí wọ́n má dẹ́yẹ sí ọmọ Nàìjíríà torí ẹ̀yà, ibi tó ti wá, ẹ̀sìn, èrò ẹ̀ lórí òṣèlú, bí wọ́n ṣe bí i, tàbí bóyá ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ibẹ̀ ni wọ́n sì dúró sí. Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe pé a ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọdún 2014 yẹn náà la ṣòfin pé wọn ò gbọ́dọ̀ lé èèyàn níbi iṣẹ́ torí ó ní kòkòrò HIV, nígbà tó di oṣù Kìíní 2019 Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ti àwọn aláàbọ̀ ara. A mọ̀ pé iṣẹ́ ni oúnjẹ èèyàn. Ọ̀rẹ́ mi yìí nìkan la ò fi kún un.

Ká tún padà sí Houston. Èmi náà ti jìyà tèmi. Ilé àwọn arúgbó kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, súpáfáísọ̀ ní kí n má máa gbé fóònù mọ́, àwọn ẹbí àwọn tá à ń tọ́jú ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ, ó ní bí mo ṣe ń fọhùn ń dà wọ́n láàmú. Nígbà tí ipò ṣí sílẹ̀, wọ́n gbé e fún ẹni tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́. Òyìnbó kan tá a jọ ń ṣe ṣíìfù alẹ́, géè ni, òun ló mú mi jókòó tó ṣàlàyé fún mi pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1964 gbà mí, pé wọn ò lè torí ibi tí mo ti wá fìyà jẹ mí. Mo ní tìẹ ńkọ́? Ó ní òun ò ní irú ẹ̀ ní Texas. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti wà pẹ̀lú ọkùnrin tó ń fẹ́, tá a bá ń sọ ọ̀rọ̀ ilé níbi iṣẹ́ ó máa ń sọ pé "ẹni tá a jọ ń gbélé". Ẹni tó mọ òfin tó gbà mí ni òfin ò gbà. Mi ò gbàgbé alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìdí nìyẹn tí orí mi fi gbóná nígbà tí ọ̀rọ̀ HERO wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn kan ti kọ́kọ́ gbé ìwé káàkiri kí ará ìlú buwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ di ẹjọ́, nígbà tó di oṣù Keje 2015 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Texas ní kí káńsù fagi lé e tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ará ìlú dìbò lé e lórí. Látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀ dà, pé ọkùnrin á máa wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì obìnrin, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó wà lórí pátákó nínú ọgbà àwọn èèyàn. Mọ́mì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wàá jẹ́ kí ọkùnrin wọlé tọ ọmọ ẹ lọ ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì?" Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni tó bá fọwọ́ kan ọmọ ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, òfin ti wà tó máa mú un, HERO ò fọwọ́ kan ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ka lísìtì náà pọ̀." Mo kà á fún wọn lórí fóònù mi. Nígbà tí mo dé ibi orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé tiwa wà nínú ẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe dìbò, mi ò sì bi wọ́n.

Èmi dìbò bẹ́ẹ̀ ni, ní Alief, àdúgbò kan ní Houston, mo ti di ọmọ Amẹ́ríkà nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó ń gbé Sugar Land àti Missouri City ò tiẹ̀ lè dìbò, torí ìlú ọ̀tọ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Houston ni iṣẹ́ wọn wà. Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ni ìbò, nǹkan bí 61 nínú 100 ní kí òfin yẹn lọ. Bí wọ́n ṣe ju gbogbo nǹkan 15 náà nù nìyẹn, ti géè, ti aboyún, ti sójà, tèmi. Àwọn tó ti pẹ́ nílùú ní irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, pé káńsù ṣòfin lọ́dún 1984 láti gba àwọn géè tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìlú, ará ìlú sì dìbò lé e dànù ní oṣù Kìíní 1985. Fort Worth ti ní tiẹ̀ láti 2000, Dallas láti 2002, San Antonio láti 2013, Texas kan náà ni wọ́n wà pẹ̀lú wa. Àbúrò mi tó wà ní Brooklyn ní ti wọn ní New York ti gba àwọn géè láti 1986.

Ọjọ́ Monday, 15 oṣù Kẹfà 2020, àsìkò kòrónà, ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá a, mẹ́fà sí mẹ́ta, pé òfin 1964 yẹn gba àwọn géè àtàwọn trans náà, níbikíbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó 15. Káńtì kan ní Georgia, Clayton County, ló lé Gerald Bostock kúrò níṣẹ́ tí ẹjọ́ fi débẹ̀, iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé ló ń bá wọn ṣe, ó lọ wọ ẹgbẹ́ àwọn géè tó ń gbá sọ́fútìbọ́ọ̀lù, ó sì di ẹjọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ fúnra ẹ̀ ni o. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe kí ń sọ pé káńsù òyìnbó dáa, tiwa ò dáa. Èyí tó dáa ni èyí tí èèyàn lè mú lọ sílé ẹjọ́.

Òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn lẹ fọ́tò ọkọ ẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn lọ́kà ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọdún 14 ni wọ́n ti jọ wà.

Alẹ́ ọjọ́ kan mo pe ọ̀rẹ́ mi n'Ìbàdàn, mo ń ròyìn gbogbo ẹ̀ fún un, látorí HERO dórí ẹjọ́ yẹn. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Káńsù ló kọ́kọ́ ṣe é? Káńsù bíi t'Ágodi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ṣì ń wá iṣẹ́ àkáǹtì, ibi gbogbo tí òun bá dé wọ́n máa ń bèèrè ìwé láti ibi tí òun ti ṣe ti tẹ́lẹ̀, wọn ò sì kọ ọ́ fún òun títí dòní.